Ìlà kẹrin lórí fọ́ọ̀mù yín: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, nílé, ní Adó, ní Èkó àti lókè òkun,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ sì kú ìnáwó gbọ̀ngàn tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Mo ti san ₦50,000 tí ẹ bù fún wa lórí gbọ̀ngàn náà, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé torí kí n má sanwó ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pé ká pín fún àwọn ọmọ tó wọ yunifásítì lọ́dún yìí ni mo bá wá.

Ìlà kìn-ín-ní bèèrè orúkọ. Ìkejì bèèrè ọjọ́ orí. Ìkẹta bèèrè ilé ìwé tó gba ọmọ wọlé. Ìkẹrin ni mo dúró lé lórí: “Agboolé bàbá rẹ”, tí àyè kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí olórí ẹbí máa buwọ́ lù. Fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní abà tó wà lẹ́yìn odò. Abà yẹn náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ilẹ̀ Ìgedè, ní ìpínlẹ̀ Benue, wá ṣiṣẹ́ kòkó lọ́dọ̀ bàbá mi. Èkìtì ẹnu ọmọ yìí dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. “Ulé” ló ń pe ilé, tí kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tèmi tó dàgbà sí Èkó, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Ó kọ gbogbo ìlà tó kù pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Ó fi ìkẹrin sílẹ̀.

Ọdún kejì rèé tí bàbá mi ti kú. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, àbúrò mi obìnrin rí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú àpótí onírin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni, irú èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Bàbá mi kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré. Ó kọ iye àpò kòkó tó tà, ẹni tó rà á, iye tó fi ra oògùn, owó mọ́tò, owó ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi ọdún 1988 ni mo ti rí i: “Ìgedè, ₦600. Mo san ₦150. Ó ku ₦450.” Ìlà tó tẹ̀ lé e gan-an, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ni orúkọ mi wà: “Owó ilé ìwé, ₦380.” Lọ́dún kejì ó kọ ọ́ pé: “Ìgedè ní òun fẹ́ relé. Mo ní kó ṣe sùúrù, ọjà kòkó ti wálẹ̀.” Mo ṣí ìwé náà débi tó parí sí. Ìgedè kò jáde níbẹ̀ mọ́.

Ẹ sì wò ó, Ìgedè kì í ṣe orúkọ èèyàn, orúkọ ẹ̀yà ni. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀gá yín ní Èkó bá ń pè yín ní “Èkìtì” fún ogún ọdún, tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé owó oṣù. Èmi tí mo jẹ iyán ní abà rẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi sọ ọ́ fún mi láìpẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí púpọ̀ nínú yín ti gbàgbé, àwọn ọ̀dọ́ wa ò sì mọ̀ ọ́n rárá. Ẹni tí a gbà fún ọdún kan máa ń dé lẹ́yìn ọdún tuntun. Yóò ro abẹ́ kòkó kí òjò tó le, yóò sì tún un ro kí ọdún tó yí. Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lemọ́lemọ́, tí kòkó ń dúdú lórí igi, yóò gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, omi búlúù náà á máa kán padà sí i lójú. Ti kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu, Gammalin 20 ni wọ́n ń fọ́n sí i láyé ìgbà yẹn, oògùn olóró tí ìjọba padà fòfin dè. Mi ò rí ìbòmú kankan lójú Ìgedè rí. Ká sọ òtítọ́, bàbá mi náà ò ní ìbòmú. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í gbé ẹ̀rọ náà. Láti oṣù kẹsàn-án lọ ni ìkórè. Á fi dòjé orí ọ̀pá gígùn gé ti òkè, á kó o jọ sójú kan, a ó fọ́ ọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn náà a ó sá a sóòrùn, a ó máa yí i, a ó máa ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Mo ní “a”. Èmi àti ọmọ rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ mi ni, oṣù méjì péré ni mo fi jù ú lọ. Lásìkò họlidé ni mo máa ń wà níbẹ̀. A jọ ń lá omi dídùn tó wà lára kòkó tútù, a jọ ń gba ìbáwí tí a bá jẹ́ kí òjò pa kòkó sísá. Tí họlidé bá parí, màmá mi á di gààrí àti kúlíkúlí fún mi, màá gbé àpótí mi padà sí ilé ìwé. Òun á gbé apẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹni tó bínú sí ẹnì kan. Mi ò rántí pé mo bi ara mi léèrè rí ìdí tó fi jẹ́ pé èmi ni mo ń lọ.

Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu yín, torí òun náà ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi nígbà tí àbúrò mi fi ìwé náà hàn mí. Mo ní, “Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́.” Àbúrò mi ò fèsì. Ó kàn fi ìka sí ìlà ₦380.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín wa á sì ka Ìsíkíẹ́lì orí kejìdínlógún fún mi, pé ọmọ kì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ baba, pé ká yéé pòwe àjàrà kíkan tó kan ọmọ léyín. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ka ẹsẹ kan ṣoṣo kí ẹ pa Bíbélì dé. Ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú orí yẹn ni èyí tó rí gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, tó ronú, tí kò sì ṣe irú rẹ̀. Ta ni nínú wa ló ti rí i? Ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá tiyín ńkọ́, ẹ ti ṣí i wò?

Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ ni gbèsè, àwọn bàbá wa ò sì da méjèèjì pọ̀. Bí èèyàn bá kú, tí ẹbí bá jókòó láti pín ogún, gbèsè òkú wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí. Ẹni tó mú ilé ló mú ohun tí ilé jẹ. Bí ọmọ bá ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀, ológò, ẹni tí wọ́n rán wá gba gbèsè, á wá tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí ìtìjú á fi mú wọn sanwó. Ẹ tún rántí ìwọ̀fà. Bàbá á yáwó, ọmọ á lọ máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ ọmọ yẹn jẹ́ èlé lásán, kò dín kọ́bọ̀ kan kù lára owó tí bàbá yá. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ò tíì gbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ka owó náà. Kò sí ẹni tó jẹ́ kó sọ pé “èmi kọ́ ni mo yá a”. Mi ò ní ká padà sí àṣà yẹn, ìkà ni. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí gbèsè ń fi ọmọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, a gbà pé ọmọ ń jogún gbèsè. Nígbà tó kan àwa tí a jogún ilé alájà méjì, gbèsè wá di ti òkú.

Ìtàn wa náà ò jẹ́ ká lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ta ni wọn ò kọrin Kírìjì fún nílùú yìí? Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 1886, tí àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká tán títí di 1893. Ohun tó fà á ni pé ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sórí àwọn ìlú wa, ń jẹ lára wa. Wọ́n ń gba àgbò, wọ́n ń gba iṣu, wọ́n ń gba ọmọ. Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ó tó gẹ́ẹ́, ó pa ajẹ́lẹ̀, Èkìtì Parapọ̀ sì dìde, Ògèdèǹgbé Iléṣà ṣáájú wọn. Gbogbo wa la fẹ́ràn apá ìtàn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín ní èyí tí mo máa ń bi ara mi: ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, tí kò dé ilẹ̀ Èkìtì rí, tí kò mú pàṣán, tó kàn ń jẹ iṣu tó ń ti oko tí ẹrú Èkìtì ń ro wá sílé rẹ̀ lálaalẹ́, kí la máa sọ fún un? Ǹjẹ́ a máa gbà tó bá ní òun ò ṣe nǹkan kan? Tiwa ni pé a máa ní kó kọ́kọ́ gbé iṣu yẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Níbi Kírìjì, àwa la kó o, ìdí nìyẹn tí a fi ń rántí. Ní abà lẹ́yìn odò, àwa la ṣu.

A máa ń yangàn pé Èkìtì ni orísun ìmọ̀, pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. (Mi ò tíì rí ẹni tó kà wọ́n láti agboolé dé agboolé, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn, ó dùn-ún gbọ́.) Ṣé ìmọ̀ náà kàn sun jáde bí omi gbígbóná Ìkògòsì ni? Ní oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn, owó kòkó ló dúró tì í. Àjọ tó ń ra kòkó nígbà náà ń fún àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ìyókù ń lọ sápò ìjọba, a sì rí ilé ìwé, a rí Ilé Kòkó alájà 26 ní Ìbàdàn ní 1965. Wọ́n yọ ọ́ lára àgbẹ̀, òótọ́ ni, bàbá mi ráhùn sí i títí wọ́n fi tú àjọ náà ká ní 1986. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ owó yẹn lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìjọba gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lọ́wọ́ ta ni àgbẹ̀ ti gbà? Lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ni, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ Ẹbira, lọ́wọ́ Ìgedè, lọ́wọ́ Àgàtú tó fi ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ wá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tiwọn, torí ilé ìwé ò sí ní abà, ìkórè sì ń dé nígbà tí sáà tuntun bá wọlé.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin dá àwọn ẹrú wọn sílẹ̀ ní 1833, wọ́n ya ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún ìpadàsan, àwọn olówó ẹrú ni wọ́n sì san án fún. Àwọn ẹrú ò rí kọ́bọ̀. Ìjọba wọn ò san ìyókù gbèsè tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ tán títí di 2015, èyí túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó san owó orí tí wọ́n fi parí rẹ̀. Àwọn òyìnbó Yúróòpù náà ló wá ṣòfin ní 2023 pé àwọn fẹ́ mọ oko tí kòkó ti wá, pé àwọn ò ní gba ti igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọdún 2020, àti pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe é gbọ́dọ̀ bófin mu. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí pé ẹni tó bèèrè ní ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ kí n má dáhùn ìbéèrè.

Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbàárùn-ún dọ́là lọ́jà àgbáyé, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Àwọn tí kò débẹ̀ láti ogún ọdún gbé jíìpù wá, wọ́n ń bèèrè ààlà. Mo mọ abà tí alábòójútó oko àti oníkòkó ti ń pín ìkórè sí mẹ́ta láti ayébáyé, tí alábòójútó ń mú ìdá kan. Lọ́dún yẹn ni ọmọ onílẹ̀ dé láti ìlú òkè, tó ní owó oṣù ni òun máa fi ṣe láti ìsinsìnyí lọ. Nígbà tí kòkó ò tó nǹkan, wọ́n bá wa pín òfò. Ìgbà tó di wúrà la rántí pé àlejò ni wọ́n.

Ẹgbẹ́ wa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ pín owó gbọ̀ngàn, ẹ fi ₦10,000 sórí ahéré kọ̀ọ̀kan lábà, ẹ sì rán àwọn ọ̀dọ́ lọ gbà á. Wọ́n san án. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa bóyá wọ́n máa ní ìjókòó nínú gbọ̀ngàn náà, ó ní, “Àwọn wo?” Ìṣákọ́lẹ̀ wọn wà lára owó tí a fi ń ṣe sikọ́láṣíìpù, ẹ lọ wo ìwé owó ẹgbẹ́ dáadáa. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, abala 42, ní kò yẹ kí wọ́n fi ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá du ú ní ohun tó tọ́ sí ará yòókù. Mi ò ní ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ń san owó tí wọn ò jẹ́ kó kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù, a ní orúkọ tí à ń pe irú rẹ̀ láyé ajẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ yọ ìlà kẹrin kúrò, ẹ fi “Ibi tí wọ́n ti bí ọ” sí i. Ẹ dá owó abà padà, tàbí kí ẹ fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn, torí inú odò tí oògùn kòkó ń ṣàn wọ̀ ni wọ́n ṣì ti ń pọnmi. Ẹ bá wa lé ìjọba ìbílẹ̀ títí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á fi dé ẹ̀yìn odò, kí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà yé máa gba títì ọlọ́kọ̀ lọ lówùúrọ̀. Òfin ti sọ ọ́ láti 2004 pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ, kò yọ ọmọ abà sílẹ̀.

Àwọn kan bẹ̀rù ilẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fún wọn ní fọ́ọ̀mù lónìí, lọ́la wọ́n á ní ilẹ̀ ni tàwọn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti ẹlẹ́yà. A ti rí ìjà ilẹ̀ níbi púpọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀. Èmi náà ò mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa parí, bóyá ìyẹn máa gba kí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà abà fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọbìnrin kan kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

Mo ti lọ síbẹ̀. Mo fi ₦450 náà ṣírò iye kòkó tó lè rà ní 1988, mo sì sọ iye kòkó yẹn di owó òní, mo gbé e lọ bá ọmọ Ìgedè tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lábà. Ó ti hu ewú, ojú rẹ̀ òsì ò sì ríran dáadáa mọ́. Mo ṣàlàyé. Mo ka ohun tí bàbá mi kọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún mi, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá mi ti kọ Ìgedè. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ka owó náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wò mí.

Ó ní, “Èlé rẹ̀ ńkọ́?”

Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún bèèrè. Ó wọlé lọ mú fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó kọ agboolé bàbá mi sí ìlà kẹrin, mo ní màá bá olórí ẹbí wa sọ ọ́, á buwọ́ lù ú, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó mi orí.

Ó ní, “Mo ní bàbá. O ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ ni.”

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ ní fọ́ọ̀mù máa padé. Ó wà nínú àpò mi. Màá mú un wá sí ìpàdé fúnra mi.

Èmi ni ọmọ yín, láti agboolé tí ẹ mọ̀.